Lẹ́tà Ṣíṣí sí Olùṣọ́-Àgùntàn Tó Wàásù Níbi Ìsìnkú Màmá Kékeré

Ẹ̀yin Bàbá wa nínú Olúwa,

Mo kí yín, mo kí Ìyá Ìjọ, mo kí gbogbo ilé. Ẹ ṣeun tí ẹ dúró tì wá nígbà tí a sin àbúrò ìyá mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹ wá sílé kí ọjọ́ ìsìnkú tó pé. Ẹ fi àpòòwé lé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ láìjẹ́ kí èrò mọ̀, ẹ sì dúró nínú oòrùn ní itẹ́ òkú títí wọ́n fi bo ilẹ̀ tán. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi irú rẹ̀ san án fún yín. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò pa oore yẹn rẹ́ lọ́kàn mi.

Orúkọ yín kò sí nínú lẹ́tà yìí, orúkọ ìjọ kò sì sí níbẹ̀. Mo kọ ọ́ sí gbangba nítorí pé gbangba ni ìwàásù náà ti wáyé, àti nítorí pé kì í ṣe ẹnu yín nìkan ni mo ti gbọ́ irú rẹ̀. Òkú mẹ́ta ni mo bá wọn sin láàárín ọdún méjì. Níbi méjì nínú wọn, oníwàásù mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà jáde bí ẹni mú oògùn jáde nínú àpò.

Ẹ ní lédè Gíríìkì, paschō ni wọ́n ń pe ìjìyà. Ẹ ní láti inú rẹ̀ ni Pascha, àjọ Ìrékọjá, ti jáde, pé ìdí nìyẹn tí ìyà fi jẹ́ ọkọ̀ tó ń gbé onígbàgbọ́ rékọjá. Ẹ ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an ni kí èèyàn fara dà á láìsọ̀rọ̀. Ẹ wá nawọ́ sí pósí, ẹ ní Màmá yìí fara dà á dópin, kò ráhùn lọ́jọ́ kan. Ìjọ dáhùn pé "Àmín". Èmi náà sunkún níbi tí mo jókòó sí, mo sì ń bínú bí mo ti ń sunkún.

Mo kọ́ Gíríìkì àtijọ́ fún ọdún mẹ́rin ní Yunifásítì Ìbàdàn, mo sì fi ogún ọdún ó lé kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní ẹ̀kọ́ Bíbélì kí n tó fẹ̀yìn tì. Èyí kò sọ mí di ọ̀gá yín nínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí, paschō, mo mọ̀ ọ́n bí a ti ń mọ aládùúgbò. Mo mọ ìgbà tó máa ń jáde, mo mọ ẹni tó máa ń bá rìn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti Pascha kúrò nílẹ̀. Ẹ wo ìwé ètò ìsìnkú tó wà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà. "Iya wa ti lo sinmi" ni wọ́n tẹ̀ sí iwájú rẹ̀, láìsí àmì ohùn kan ṣoṣo. Ọmọ Yorùbá kì í ṣìnà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ká ní àjèjì kan ń kọ́ èdè wa láti inú ìwé, tó rí "iya" tó bí ọmọ, tó tún rí "iya" tí wọ́n ń jẹ, tó wá dìde níwájú ìjọ pé lẹ́nu àwọn Yorùbá, ìyá àti ìyà, ọ̀kan náà ni wọ́n, pé ẹni tó bá ti bímọ ti gba ìyà mọ́ orúkọ. Àwọn kan á pàtẹ́wọ́ fún un. Àwọn abiyamọ mìíràn á tilẹ̀ mi orí. Síbẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì ni, ohùn ló yà wọ́n.

Bí ti Pascha àti paschō ṣe rí nìyẹn. Pascha kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gíríìkì láti ilẹ̀ wá. Lọ́dọ̀ àwọn Júù ni wọ́n ti gbà á: pesaḥ ni lédè Hébérù, pasḥa lédè Árámáíkì, òun ni Ìrékọjá tí a ń kà nínú Ẹ́kísódù orí 12. Paschō ní tirẹ̀, ọmọ bíbí inú èdè Gíríìkì ni. Ó ti wà nínú ewì Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, kí ẹnikẹ́ni tó tú ìwé mímọ́ àwọn Júù sí Gíríìkì.

Ẹ̀yin kọ́ ni ẹ kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀. Melito, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Sardis ní ilẹ̀ tó di Tọ́kì lónìí, ti wàásù bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 160 sí 170. Ó ní láti inú pathein, tó jẹ́ àwọ̀ mìíràn paschō, ni àjọ náà ti gba orúkọ. Ìwàásù náà dùn láti kà títí dòní. Ṣùgbọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e, Origen ará Alẹkisáńdíríà kọ ìwé tirẹ̀ lórí Ìrékọjá, ó ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ará ló rò pé ìjìyà Olùgbàlà ló bí orúkọ yẹn, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ Hébérù ni, ìkọjá ló sì túmọ̀ sí. Ọdún 1941 ni wọ́n rí ẹ̀dà ìwé náà níbi ìwa-òkúta ní Tura, nítòsí Káírò. Augustine náà, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní àríwá Áfíríkà wa níbí, tún un sọ fún ìjọ tirẹ̀ pé Pascha kì í ṣe ọ̀rọ̀ Gíríìkì. Ó ti lé ní 1,600 ọdún tí àwọn baba ìjọ ti ṣe àtúnṣe yìí, a ṣì ń gbọ́ ọ níbi òkú.

Mo gbà pé etí ló ń tan èèyàn. Nínú Lúùkù 22:15, Jésù ní ó wu òun gidigidi láti bá wọn jẹ Pascha yìí kí òun tó pathein. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ń dá ara wọn lóhùn nínú ẹsẹ náà, ẹni tó gbọ́ Gíríìkì á gbọ́ ọ. Àwa náà máa ń fi ohùn ṣeré bẹ́ẹ̀ nínú oríkì àti ọfọ̀. A kì í tìtorí rẹ̀ sọ pé ìyà ló bí ìyá.

Kí wá ni paschō? Ẹ gbọ́ bí àwa fúnra wa ṣe ń sọ̀rọ̀. Bí a bá bá ọmọdé tó ń sunkún lẹ́bàá ọ̀nà, a ó bi í pé, "Kí ló ń ṣe ọ́?" A ò ní bi í pé, "Kí lò ń ṣe?" Èyí ń béèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èyí tó ṣáájú ń béèrè ohun tó dé bá a. Àwọn ará Áténì àtijọ́ ní ìbéèrè yìí gẹ́lẹ́: ti pascheis? Kí ló ń ṣe ọ́? Kí èèyàn ṣe nǹkan ni poiein. Kí nǹkan ṣe èèyàn ni paschein. Mi ò tíì rí èdè mìíràn tó bá Gíríìkì mu níbí yìí bíi tiwa. Lọ́jọ́ tí olùkọ́ wa kọ ọ́ sára pátákó, mo rántí pé mo rẹ́rìn-ín, torí pé gbogbo ìgbà tí màmá mi bá gbọ́wọ́ lé mi níwájú orí lálẹ́, Gíríìkì ló ń sọ láìmọ̀.

Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí Gíríìkì àtijọ́, nígbà tó ń to oríṣi ohun mẹ́wàá tí a lè sọ nípa nǹkan, poiein àti paschein ló fi kádìí rẹ̀ nínú àkójọ náà. Àpẹẹrẹ tó fún poiein ni kí á gé nǹkan, kí á jó nǹkan. Àpẹẹrẹ paschein ni kí wọ́n gé ni, kí wọ́n jó ni. Ẹni tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ àti ẹni tí ọ̀bẹ wà lára rẹ̀: ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà ni, ìhà méjì ni wọ́n dúró sí.

Nítorí èyí ni ọ̀rọ̀ náà kò ṣe burú ní gbogbo ìgbà. Eu paschein ni kí wọ́n ṣe ni lóore. Ó sún mọ́ ohun tí a ń sọ tí a bá ní ojú wa ti rí nǹkan. A máa ń sọ ọ́ fún ìnira, a sì lè sọ ọ́ fún ìyanu. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn lórí Gálátíà 3:4 ti wá, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti béèrè bóyá lásán ni gbogbo ohun tí wọ́n ti pathein. Nínú Bíbélì tí a ń kà, jìyà ló wà níbẹ̀. Àmọ́ ẹsẹ tó ṣáájú rẹ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, Ẹ̀mí Mímọ́ ni wọ́n ń sọ, ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ kan fi ní ohun rere tí ojú wọn rí nípa Ẹ̀mí ni Pọ́ọ̀lù ń rán wọn létí.

Pathos, tó wá láti ìdí kan náà, Pọ́ọ̀lù lò ó fún ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ nínú Róòmù 1:26 àti Kólósè 3:5. Àwọn Sítóíkì, ẹgbẹ́ onímọ̀ ọgbọ́n orí kan láyé àtijọ́, fi pe ìbẹ̀rù, ìbànújẹ́, ojúkòkòrò àti adùn tó gba ìjánu lọ́wọ́ èèyàn. Penthos, ọ̀fọ̀, inú ìdílé yẹn náà ni onímọ̀ èdè ń kà á mọ́. Gbogbo wọn, ohun tó dé bá ni ni.

Níbo ni ìfaradà tí ẹ sọ wà nínú èyí, Bàbá? Gíríìkì ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ fún ìfaradà, hypomenō, kí èèyàn dúró lábẹ́ ẹrù. Pétérù Kìn-ín-ní 2:20 lo hypomenō àti paschō pa pọ̀ nínú gbólóhùn kan. Bí ọ̀kan bá ti ní èkejì nínú, kí ni Pétérù ń tún un sọ fún? Ohun tó ṣe èèyàn ni ọ̀kan, ìwà tí èèyàn hù sí i ni èkejì. Ẹ kó méjèèjì sínú àpò kan, ẹ sì fi ọwọ́ bo ìdajì.

Ẹ jẹ́ kí n fi àwọn àwọ̀ ọ̀rọ̀ náà hàn yín, torí pé inú wọn ni ọ̀rọ̀ wà. Paschō: ó ń ṣe mí lọ́wọ́. Epathon: ó ṣe mí, ó sì ti kọjá. Pepontha: ó ti ṣe mí, àpá rẹ̀ sì wà lára mi títí di bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó bá ń kọ́ èdè náà á kọ́kọ́ rò pé ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, torí pé wọn ò jọra lójú. Pepontha yìí ni Lúùkù fi sí ẹnu Jésù nínú orí 13 ẹsẹ 2, nígbà tí wọ́n wá ròyìn àwọn ará Gálílì tí Pílátù da ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀ mọ́ ẹbọ wọn. Ó bi wọ́n léèrè bóyá ẹ̀ṣẹ̀ àwọn yẹn ló ju ti gbogbo ará Gálílì lọ nítorí pé èyí dé bá wọn. Ó ní rárá. Hébérù 2:18 lo àwọ̀ kan náà fún Jésù fúnra rẹ̀: ó ti ṣe é, àpá rẹ̀ wà lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lè ran ẹni tí a ń dán wò lọ́wọ́. Àpá kì í parọ́, kì í sì í ṣe ohun ìtìjú níbẹ̀.

Èyí tó ń dẹ́rù bà mí ni ti ọjọ́ iwájú, peisomai. Bí ẹ bá rí i nínú ìwé àtijọ́, ó lè jẹ́ "yóò ṣe mí", ó sì lè jẹ́ "n ó gbọ́ràn", torí pé peithomai, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbọràn, máa ń di peisomai náà. Ìdílé méjì tí kò bára tan ló pàdé lójúde kan ṣoṣo. Ẹ rí i pé a tún ti padà sórí "iya" àti "iya". Mo máa ń rò ó pé irú ojúde yẹn gan-an ni ìwàásù wa ti ń ṣìnà: a rí ẹni tí nǹkan ń ṣe, a ní ó ń gbọ́ràn.

Ẹ ó bi mí nípa Hébérù 5:8, pé ó kọ́ ìgbọràn nípa ohun tó jìyà. Bẹ́ẹ̀ ni, emathen aph' hōn epathen. Eré ohùn tó ti pẹ́ ni, pathein àti mathein, Aeschylus, òǹkọ̀wé eré, ti lò ó lórí ìtàgé Áténì ní ọdún 458 ṣáájú ìbí Jésù. Pé Ọmọ kọ́ nǹkan nínú ohun tí wọ́n ṣe fún un kò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe fún un dára.

Mo sọ pé mo mọ ẹni tó máa ń bá paschō rìn. Orúkọ rẹ̀ ni hypo. Ọ̀rọ̀ kékeré ni, "láti ọwọ́" ló túmọ̀ sí níbí. Nítorí pé paschō dúró sí ìhà ẹni tí nǹkan ń ṣe, ó fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ṣe é, hypo ló sì ń mú onítọ̀hún wọlé. Nínú Mátíù 17:12, Ọmọ Ènìyàn yóò paschein láti ọwọ́ wọn. Nínú Tẹsalóníkà Kìn-ín-ní 2:14, ìjọ náà pathein láti ọwọ́ àwọn ará ìlú tiwọn. Ẹ̀kẹta wà nínú Máàkù 5:26, lára obìnrin onísun ẹ̀jẹ̀: polla pathousa hypo pollōn iatrōn. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ bí Yorùbá: ojú rẹ̀ rí màbo lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ oníṣègùn. Ọdún 12. Ó ná gbogbo ohun tó ní, kò sàn, ńṣe ló ń burú sí i. (Lúùkù, tí Kólósè pè ní oníṣègùn olùfẹ́, sọ ìtàn náà ní orí 8, kò sì fi gbólóhùn yẹn sí i. Ó ní kò sẹ́ni tó lè wò ó sàn.)

Bàbá, Màmá Kékeré nìyẹn.

Ó rí kókó nínú ọmú rẹ̀ nígbà tó wà ní ẹni ọdún 59. Ó ti ilé ìtajà èlùbọ́ rẹ̀ pa, ó lọ sí ilé ìwòsàn kan. Wọ́n ní kókó wàrà ni, wọ́n fún un ní oògùn ara ríro, wọ́n ní kó máa lọ. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ó padà lọ, wọ́n ní wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gé díẹ̀ nínú kókó náà fún àyẹ̀wò, ìwé àyẹ̀wò sọnù lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní kó tún owó mìíràn san. Ó san án. Dókítà tó rí i lákọ̀ọ́kọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́, ti ẹ̀ẹ̀kejì kò ka ohun tí ti àkọ́kọ́ kọ. Ilé àdúrà kan ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ 21 kó má sì gbé oògùn sẹ́nu. Alágbo kan gba owó tó tó ti dókítà méjì. Nígbà tí wọ́n fi sọ fún un ní ilé ìwòsàn ńlá pé iná ìtọ́jú tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ tàn sí kókó ló kù, ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́, wọ́n ní kó máa retí ìpè. Ó ta ṣọ́ọ̀bù náà. Ìpè kò dé.

Èmi náà wà lẹ́yìn hypo yẹn. Gbogbo alẹ́ Sọ́ńdè ni mo máa ń pè é. "Màmá, kí ló ń ṣe yín?" "Kò sí nǹkan kan, ọmọ mi. Ara ṣá ni." Mo sì gbà, torí pé ó rọ̀ mí lọ́rùn láti gbà. Pọ́ọ̀lù ní bí ẹ̀yà ara kan bá paschei, gbogbo ẹ̀yà yòókù sympaschei, ó ń ṣe wọ́n pọ̀. Ìpè ìṣẹ́jú márùn-ún kọ́ ló ń sọ.

Ẹ ní kò ráhùn. Ó ráhùn, Bàbá. Ní oṣù tó ṣáájú ikú rẹ̀, mo sùn sílé rẹ̀, ní nǹkan bí aago méjì òru ó ní, "Wọn ò wò mí lójú rí. Ìwé ni wọ́n ń wò." Ó wá ní kí n mú agolo Bournvita kan lábẹ́ ibùsùn. Gbogbo rìsíìtì ọdún méjì ààbọ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó dè wọ́n ní oṣù-oṣù pẹ̀lú okùn àpò èlùbọ́. Ẹni tí kò ráhùn kì í tọ́jú rìsíìtì.

Ẹ fi í wé Olúwa tó dákẹ́ níwájú àwọn tó ń pọ́n ọn lójú, ẹ ka Pétérù Kìn-ín-ní orí 2. Ìgbà 12 ni paschō wà nínú lẹ́tà kékeré yẹn, kò sí ìwé Májẹ̀mú Titun tó tó o. Ẹ jẹ́ ká kà á dáadáa. Àwọn ẹrú inú ilé ni ó ń bá sọ̀rọ̀ ní ẹsẹ 18, àwọn tí kò ní ilé ẹjọ́ tí wọ́n lè lọ. Ohun tó ṣe wọ́n, ó pè é lórúkọ ní ẹsẹ 19: adikōs, láìtọ́. Kò ní kí ẹrú náà sọ pé ó tọ́. Ní ẹsẹ 23, Jésù kò halẹ̀ nígbà tí ó ń ṣe é, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ lé ẹni tó ń ṣe ìdájọ́ òdodo lọ́wọ́. Ẹni tó gbé ẹjọ́ lọ sílé adájọ́ ni ẹsẹ náà ń sọ. Agolo Bournvita wà nínú ẹsẹ yẹn ju ìdákẹ́jẹ́ lọ. Jésù yìí kan náà ló sì dáhùn nínú Jòhánù 18:23, nígbà tí wọ́n gbá a lójú nílé olórí àlùfáà, pé bí òun bá sọ ohun tó tọ́, èéṣe tí wọ́n fi ń lu òun.

Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ń tú ìwé yìí sí èdè wa, tí Róòmù jáde ní 1850, tí odindi Bíbélì pé ní 1884, ọ̀rọ̀ wo ni wọ́n ní lọ́wọ́? Mo máa ń ronú nípa rẹ̀. Ọmọdékùnrin tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821 ni, wọ́n tà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ kí ọkọ̀ ogun òkun àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lórí omi ní 1822. Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ paschō fún un. "Jìyà" ni wọ́n sábà lò, ó sì dára, òun ló kúrú jù. Ṣùgbọ́n Yorùbá kò ní ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí mo bá ní "mo jìyà", èmi ni mo jẹ ẹ́, bí ẹni pé wọ́n gbé e síwájú mi, mo sì nawọ́ sí i. Bí mo bá ní "ìyà jẹ mí", ìyà ló jẹ, a ò mọ ẹni tó rán an. Bí mo bá ní "wọ́n fi ìyà jẹ mí", ẹnìkan ti yọjú, a lè bi í ní ìbéèrè. Ibi tí Gíríìkì ti mú hypo wá, ìkẹta yìí ló ń sọ.

Lórí pósí Màmá Kékeré, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ, "ó jìyà" ni. Mo kà á nínú fọ́nrán tí àbúrò mi fi fóònù gbà: ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. "Wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́" kò jáde lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó wà níbẹ̀ tí ọmú ń dùn, tí wọ́n gbé ọwọ́ sí àyà lábẹ́ ìborùn, ohun tí wọ́n gbé lọ sílé ni pé kí wọ́n máa fara dà á, pé Gíríìkì ló sọ bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tí mo mọ̀ dáadáa nínú ẹgbẹ́ yín wà lára wọn. Mo bẹ̀ ẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé kó lọ ṣàyẹ̀wò. Ó ní òun ò fẹ́ kí Pásítọ̀ rò pé òun kì í ṣe ẹni tó ní ìfaradà.

Ìdí lẹ́tà yìí nìyẹn, Bàbá. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀, ǹ bá wá bá yín ní ọ́fíìsì, ká jókòó pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè, ká sì parí rẹ̀ níbẹ̀.

Ìrántí ọdún kan Màmá Kékeré ń bọ̀. Ẹ ti ní ẹ̀yin ni ẹ ó tún wàásù, inú wa sì dùn sí i, torí pé ó fẹ́ràn yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka Máàkù 5, láti ẹsẹ 25 dé 34. Ẹ ka ẹsẹ 26 tán, ẹ má fò ó. Ẹ sọ fún ìjọ ní Yorùbá pé lọ́wọ́ àwọn oníṣègùn ni ojú obìnrin náà ti rí ohun tó rí. Lẹ́yìn náà ẹ dúró díẹ̀ ní ẹsẹ 33, níbi tó ti wólẹ̀ níwájú Jésù láàárín èrò, tó sì sọ gbogbo òtítọ́ fún un. Jésù dúró gbọ́ ọ tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Jáírù ń kú lọ lọ́wọ́. Ó pè é ní ọmọbìnrin òun.

Lẹ́yìn ìwàásù, ẹ bá wa sọ fún àwọn ìyá tó wà níjókòó pé kí ẹni tó bá ní kókó lára má ṣe gbé e pamọ́, kó wí, kó lọ ṣàyẹ̀wò, kó sì mú ẹnìkan dání lọ. Àwọn ọmọ Màmá ti ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọkọ̀ àti àyẹ̀wò àwọn tí kò bá ní. Èmi ni n ó máa bá wọn lọ, mo ti fẹ̀yìn tì, àyè sì wà fún mi láti Mọ́ńdè dé Ọjọ́rú. Agolo náà wà lọ́dọ̀ mi. N ó gbé e wá sí ọ́fíìsì yín ṣáájú ọjọ́ náà, kí ẹ lè fi ojú ara yín rí àwọn rìsíìtì náà.

Èmi ni ọmọ yín,
Ọmọ ẹ̀gbọ́n olóògbé